Níbo ni Ìtàn ti Sẹ̀, Ta ni Ó sì Ṣílẹ̀kùn fún un? Ìtàkùrọ̀sọ pẹ̀lú Òǹkọ̀wé Ìtàn Àròsọ nínú Kíkọ́ Èdè Abínibí

Ìfáàrà

Nínú kíláàsì lítíréṣọ̀ káàkiri Nàìjíríà, ohun tí a sábà máa ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nípa ìwé ìtàn àròsọ ni àhunpọ̀ ìtàn, ìfìwàwẹ̀dá àti ọgbọ́n ìsọ̀tàn. Bí a bá kọ́ wọn tán, a ó fi ìlà méjì tàbí mẹ́ta sọ̀rọ̀ nípa òǹkọ̀wé: ọdún tí a bí i, ilé-ẹ̀kọ́ tí ó lọ, àwọn ìwé tí ó kọ. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò há a sórí, yóò kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Ohun tí kì í yé e ni ọ̀nà tí ènìyàn ẹlẹ́ran-ara bíi tirẹ̀ gbà rí ìtàn náà, àti bí ìwé àfọwọ́kọ tí ó wà nínú àpótí ẹnìkan ṣe di ìwé tí gbogbo kíláàsì ń kà. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ gbà pé ìwé èdè abínibí jẹ́ ogún tí àwọn àgbà àtijọ́ fi sílẹ̀, pé kò sí ẹni tí ó tún ń kọ ọ́ mọ́.

Èrò wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ìtàkùrọ̀sọ pẹ̀lú àwọn òǹkọ̀wé lè tún èrò yìí ṣe, bí a bá mọ ohun tí ó yẹ kí a bi wọ́n. Ìbéèrè tí gbogbo ènìyàn máa ń bi òǹkọ̀wé ni pé, "Kí ni ó mú yín kọ ìwé yìí?" Ìbéèrè náà dára, ṣùgbọ́n ààbọ̀ ìbéèrè ni. Ààbọ̀ kejì ni pé, "Ta ni ó ṣílẹ̀kùn fún un?" Bí a bá wo ìtàn ìwé ní èdè Hausa, Igbo àti Yorùbá, a ó rí i pé ìmísí kò fi bẹ́ẹ̀ wọ́n wa, ilẹ̀kùn ni ó wọ́n. Níbi tí ẹnìkan bá ti ṣílẹ̀kùn, àwọn òǹkọ̀wé a máa jáde, nígbà mìíràn láàárín ọdún kan ṣoṣo. Níbi tí a bá ti tì í, ìtàn a wà nínú àpótí títí ẹni tí ó kọ ọ́ yóò fi kú.

Ilẹ̀kùn mẹ́rin ni a ó yẹ̀ wò: ìwé ìròyìn, ìdíje, ilé-ẹ̀kọ́ àti owó ara ẹni. Lẹ́yìn èyí ni a ó sọ bí olùkọ́ ṣe lè fi irú ìtàkùrọ̀sọ bẹ́ẹ̀ kọ́ni, àti ìdí tí ó fi jẹ́ pé olùkọ́ gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù lọ lásìkò yìí.

Ilẹ̀kùn kìíní: ìwé ìròyìn

Ní 1929, àwọn lẹ́tà kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú Akéde Èkó, ìwé ìròyìn tí Isaac B. Thomas dá sílẹ̀ ní ìlú Èkó ní 1928. Ẹni tí ó ń kọ wọ́n pe ara rẹ̀ ní Ṣẹ̀gilọlá. Ó ní òun jẹ́ obìnrin tí ẹwà òun ti dá ìlú rú rí, tí òun ti fẹ́ ọkùnrin lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, ṣùgbọ́n tí àìsàn ti dá òun dùbúlẹ̀ báyìí, tí òun sì ń fi ìtàn ìgbésí ayé òun kìlọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé gbà pé òótọ́ ni. Wọ́n ń kọ lẹ́tà sí olóòtú, wọ́n ń káàánú obìnrin náà, wọ́n sì ń retí lẹ́tà tí yóò tẹ̀ lé e. Kò sí obìnrin kankan níbẹ̀. Thomas fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ ọ́. Ní 1930, àwọn lẹ́tà wọ̀nyí di ìwé, Ìtàn Ìgbésí Ayé Èmi Ṣẹ̀gilọlá, èyí tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ kà sí ìwé ìtàn àròsọ àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá.

Bí a bá bi ìtàn yìí ní ìbéèrè wa méjèèjì, ìdáhùn rẹ̀ kò fara sin. Ìlú Èkó ni orísun rẹ̀: àwọn àdúgbò, orin ìgbà náà, àṣà àwọn onílẹ́tà-sí-olóòtú àti ìwàásù ìrònúpìwàdà tí gbogbo ará Èkó ń gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ni ìwé ìròyìn. Thomas kò wá ẹni tí yóò tẹ̀wé fún un, nítorí òun ni ó ni ìwé ìròyìn náà. Kò sì wá òǹkàwé, nítorí pé wọ́n ti wà nílẹ̀, wọ́n ń ra ìwé ìròyìn náà. Ohun kan tún wà níbẹ̀ tí olùkọ́ lè tọ́ka sí. Ìtàn tí ó ń jáde díẹ̀díẹ̀ kò lè dà bí ìtàn tí a kọ tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó gbọ́dọ̀ dá ọ̀rọ̀ dúró níbi tí yóò mú òǹkàwé padà wá, ó sì gbọ́dọ̀ máa rán an létí ohun tí ó ti kọjá. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá mọ ilẹ̀kùn tí ìwé náà gbà jáde, yóò mọ ìdí tí àhunpọ̀ ìtàn rẹ̀ fi rí bí ó ṣe rí.

Ilẹ̀kùn kejì: ìdíje

Láàárín ọdún mélòó kan sí ìgbà náà, ilẹ̀kùn mìíràn ṣí ní ẹkùn mẹ́ta ní Nàìjíríà. Ní Àríwá, ìjọba amúnisìn ti dá ilé-iṣẹ́ ìtumọ̀ kan sílẹ̀ tí ó fìdí kalẹ̀ sí Zaria, Rupert East ni ó sì ń darí rẹ̀. Ní 1933, wọ́n kéde ìdíje ìtàn àròsọ ní èdè Hausa. Ìwé márùn-ún ni ó ti inú rẹ̀ jáde: Ruwan Bagaja láti ọwọ́ Abubakar Imam, Gandoki láti ọwọ́ Bello Kagara, Shaihu Umar láti ọwọ́ Abubakar Tafawa Balewa, Idon Matambayi láti ọwọ́ Muhammadu Gwarzo, àti Jiki Magayi tí John Tafida àti East jọ kọ. Ẹ wo àwọn tí orúkọ wọn wà níbẹ̀. Olùkọ́ ni Imam ní Katsina; Bello Kagara sì jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Olùkọ́ ni Balewa náà ní Bauchi, òun sì ni ó padà di Olórí Ìjọba àkọ́kọ́ fún Nàìjíríà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó jókòó láti kọ irú ìwé yìí kí wọ́n tó gbọ́ ìkéde náà.

Kì í ṣe pé ilẹ̀ Hausa kò ní ìwé ṣáájú. Wọ́n ti ń fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ ewì ní èdè Hausa tipẹ́tipẹ́. East fúnra rẹ̀ kọ àpilẹ̀kọ kan ní 1936 nípa ètò náà, ó sì ṣàlàyé pé lójú àwọn ọ̀mọ̀wé Hausa, ìwé kíkọ jẹ́ ohun tí ó jẹ mọ́ ẹ̀sìn, kì í ṣe ohun tí a fi ń dárayá. Ìdíje náà béèrè fún ìtàn ọ̀rọ̀ geere, ní lẹ́tà Látìn. Èyí ni ó yẹ kí a fi hàn àwọn akẹ́kọ̀ọ́: gbogbo ilẹ̀kùn ni ó ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ẹni tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kúrú, orí ni yóò tẹ̀ kí ó tó wọlé. Síbẹ̀, àwọn òǹkọ̀wé wọ̀nyí kò fi ohun tí wọ́n mọ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn. Imam lo ọgbọ́n ìtàn àwọn Lárúbáwá tí ó ti kà láti fi gbé ìrìn-àjò ẹni tí ó ń wá omi ìwòsàn kalẹ̀. Nígbà tí East tún pè é wá sí Zaria láti kọ Magana Jari Ce, àwọn ìwé ìtàn ilẹ̀ òkèèrè ni ó kó fún un pé kí ó kà. Imam kò túmọ̀ wọn. Ó tú wọn palẹ̀, ó sì tún wọn mọ ní ilé Hausa, títí tí òǹkàwé kò fi mọ̀ pé àlejò ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àkójọ ìrántí Imam fúnra rẹ̀ jáde ní 1989; olùkọ́ èdè Hausa tí ó bá rí i yóò rí ohùn òǹkọ̀wé náà gbọ́.

Ní ilẹ̀ Igbo, Pita Nwana kọ Omenuko fún ìdíje tí àjọ kan tí ó ń rí sí èdè àti àṣà Áfíríkà ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe, ó sì gba ẹ̀bùn ní 1933. Longmans ni ó tẹ ìwé náà jáde. Orísun rẹ̀ kò jìnnà: ìgbésí ayé Igwegbe Odum, oníṣòwò àti olóyè ní Arondizuogu, ni Nwana fi ṣe ìpìlẹ̀. Gbogbo àdúgbò ni ó mọ ìtàn ọkùnrin náà. Ìdíje ni ó jẹ́ kí ẹnìkan jókòó kọ ọ́. Ìwé yìí di èyí tí ìran dé ìran àwọn ọmọ Igbo fi kọ́ ìwé kíkà.

Ní ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú, ìdíje tí ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ṣe ní àwọn ọdún 1930 ni ó mú D. O. Fágúnwà kọ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀. Olùkọ́ ni òun náà, ní St. Andrew's, Ọ̀yọ́. Ilé ìtẹ̀wé ìjọ C.M.S. ní Èkó tẹ ìwé náà jáde ní 1938. Ẹni tí ó bá ń wá ìtàkùrọ̀sọ nípa ìmísí Fágúnwà yóò kọ́kọ́ rí i nínú ìwé náà gan-an. Àkàrà-ògùn ọdẹ ni ó wá bá òǹkọ̀wé, ọdẹ ń rò, òǹkọ̀wé ń kọ. Ọgbọ́n ìsọ̀tàn ni, ṣùgbọ́n àlàyé orísun ni pẹ̀lú: ọdẹ ni ó ni ìtàn igbó, akọ̀wé ni ó ni gègé. Fágúnwà tún kọ àpilẹ̀kọ kan nípa bí a ti í kọ ìtàn àròsọ sínú ìwé àtìgbàdégbà àwọn olùkọ́ kan ní 1960, ọdún mẹ́ta kí ó tó kú. Ó dùn mọ́ wa pé àwọn olùkọ́ ni ó yàn láti bá sọ̀rọ̀.

Ilẹ̀kùn kẹta: ilé-ẹ̀kọ́

Lẹ́yìn òmìnira, ìwé tí ilé-ẹ̀kọ́ yóò lò ni ó di ọ̀nà tí ó gbòòrò jù lọ fún ìtàn àròsọ ní èdè abínibí. Ó yẹ kí olùkọ́ ṣàlàyé bí ọ̀nà yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, nítorí wọ́n wà nínú rẹ̀ láìmọ̀. Ilé-iṣẹ́ atẹ̀wéjáde ni ó ń san owó bébà, owó ìtẹ̀wé àti owó ìgbékiri. Kí owó yìí tó lè wọlé padà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn gbọ́dọ̀ ra ìwé náà. Àwọn wo ni yóò ra ìwé ìtàn ní èdè Yorùbá tàbí Igbo ní iye bẹ́ẹ̀? Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni, bí ìwé náà bá wà lára èyí tí a yàn fún ìdánwò. Nítorí náà, kí atẹ̀wéjáde tó béèrè bí ìtàn náà ti dùn tó, yóò ti béèrè bóyá ilé-ẹ̀kọ́ yóò gbà á. Ìbéèrè yìí a máa padà dé ọ̀dọ̀ òǹkọ̀wé. A máa kan gígùn ìwé, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tí a lè sọ síta, èébú tí ẹ̀dá-ìtàn lè bú, àti ẹ̀kọ́ tí ìparí ìtàn gbọ́dọ̀ kọ́ni.

Síbẹ̀, àwọn tí ó mọ iṣẹ́ wọn dunjú gba ọ̀nà yìí láìsọ ara wọn nù. Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, tí òun náà ṣe iṣẹ́ olùkọ́, mú irú ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ń kà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì gbìn ín sórí ilẹ̀ Yorùbá nínú Àjà Ló Lẹrù (1969) àti Àgbàlagbà Akàn (1971). Lápàdé, ọlọ́pàá tí ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ni ó ń tọpa àwọn ọ̀daràn níbẹ̀, ṣùgbọ́n òwe, ẹ̀fẹ̀ àti àkànlò-èdè ni ó fi ń bá wọn jà bí ó ṣe ń fi ọwọ́ jà.

Ti Akínwùnmí Ìṣọ̀lá kọ́ wa ní sùúrù. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, nígbà tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìbàdàn, ni ó kọ eré Ẹfúnṣetán Aníwúrà. Eré náà gba ẹ̀bùn nínú ìdíje Ẹgbẹ́ Ìjìnlẹ̀ Yorùbá, síbẹ̀ 1970 ni ó tó di ìwé. Ọdún bí i mẹ́jọ ni ó wà láàárín kíkọ àti títẹ̀. Nígbà tí ó kọ ìtàn àròsọ Ó Le Kú (1974), ayé tí òun fúnra rẹ̀ ti gbé, ayé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, ni ó gbé kalẹ̀. Àjàní wà láàárín àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta, kò mọ èyí tí yóò fẹ́. Kò sí iwin, kò sí igbó; yàrá ìgbélé, lẹ́tà ìfẹ́ àti mọ́tò ni ó wà níbẹ̀. Ó fi han àwọn ọ̀dọ́ pé èdè Yorùbá lè sọ ohun tí ó wà lọ́kàn wọn lónìí. Nínú Ogún Ọmọdé (1990), ìgbà èwe ní abúlé ni ó padà sí. Ìgbà tí Túndé Kèlání sọ Ó Le Kú di fíìmù ní 1997, ìwé náà tún rí àwọn òǹkàwé tuntun tí kò sí nínú kíláàsì kankan. Ìṣọ̀lá kú ní 2018, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìtàkùrọ̀sọ tí ó bá àwọn oníròyìn ṣe ṣì wà nílẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ lò ó.

Ilẹ̀kùn kẹrin: owó ara ẹni

Àwọn kan wà tí kò sí ilẹ̀kùn kankan tí ó ṣí fún wọn, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn kan ọ̀kan. Ìlú Kano ni àpẹẹrẹ tí ó hàn jù lọ. Láti àwọn ọdún 1980, nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ tí àwọn ilé-iṣẹ́ atẹ̀wéjáde kò fẹ́ fi owó wewu mọ́, àwọn ọ̀dọ́kùnrin àti ọ̀dọ́bìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó ara wọn tẹ ìwé pẹlẹbẹ ní èdè Hausa, wọ́n sì ń tà á ní ọjà. Wọ́n dá ẹgbẹ́ òǹkọ̀wé sílẹ̀ láti máa ka iṣẹ́ ara wọn kí ó tó lọ sí ilé ìtẹ̀wé. Ìfẹ́, orogún, ìgbéyàwó tipátipá àti ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin ni wọ́n ń sọ, àwọn obìnrin ni ó sì pọ̀ jù nínú àwọn tí ń kà á.

Balaraba Ramat Yakubu jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́. Ó ti sọ ní gbangba pé wọ́n mú òun kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n sì fi òun fọ́kọ nígbà tí òun ṣì kéré, àti pé ní kíláàsì àwọn àgbà ni òun ti padà rí ẹ̀kọ́ kọ́. Àkọlé ìwé rẹ̀ kan, Wa Zai Auri Jahila?, ń béèrè ẹni tí yóò fẹ́ obìnrin tí kò mọ̀wé. Ìwé rẹ̀ mìíràn, Alhaki Kuykuyo Ne (1990), di ohun tí a túmọ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì tí a sì tẹ̀ jáde ní ilẹ̀ Íńdíà ní 2012. Kò sí ìdíje, kò sí ìwé àṣàyàn ìdánwò. Ohun tí ojú rẹ̀ rí ni ìmísí, ọjà sì ni ilẹ̀kùn.

Ilẹ̀kùn tí a fi ọwọ́ ara ẹni kàn ní ewu tirẹ̀. Níbi tí kò sí olóòtú, àkọtọ́ a máa mẹ́hẹ, àṣìtẹ̀ a sì máa pọ̀. Àwọn aláṣẹ pẹ̀lú lè bínú sí i: ní 2007, gómìnà ìpínlẹ̀ Kano ìgbà náà dáná sun irú àwọn ìwé wọ̀nyí ní gbangba ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin kan. Àmọ́ àwọn òǹkọ̀wé náà kò dákẹ́. Olùkọ́ lè bi kíláàsì rẹ̀ léèrè pé: èwo ni ó sàn, ilẹ̀kùn tí olóòtú dúró sí, àbí èyí tí ẹnikẹ́ni lè gbà? Àríyànjiyàn tí yóò ti inú rẹ̀ jáde kò ní kéré.

Bí a ṣe lè lo ìtàkùrọ̀sọ nínú kíláàsì

Kí ìtàkùrọ̀sọ tó lè kọ́ni, a gbọ́dọ̀ múra sílẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ka ìwé náà tán kí wọ́n tó pàdé ẹni tí ó kọ ọ́. Ìbéèrè ẹni tí kò kàwé kì í ju "Ìgbà wo ni ẹ bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkọ?" lọ. Ohun kejì ni pé kí a fi ìbéèrè orísun àti ìbéèrè ilẹ̀kùn rìn pọ̀. A dábàá àwọn wọ̀nyí:

1. Kí ni ẹ rí, tí ẹ gbọ́, tàbí tí ẹ kà, tí ìtàn yìí fi bẹ̀rẹ̀ lọ́kàn yín?
2. Èwo nínú àwọn ẹ̀dá-ìtàn ni ó kọ́kọ́ wá, èwo ni ó sì yí padà bí ẹ ti ń kọ ọ́ lọ?
3. Ta ni ó kọ́kọ́ ka ìwé àfọwọ́kọ náà, kí ni ó sì sọ?
4. Ọdún mélòó ni ó wà láàárín ìgbà tí ẹ kọ ọ́ tán àti ìgbà tí ó jáde? Kí ni ó fa ìdádúró?
5. Kí ni olóòtú ní kí ẹ yọ kúrò, kí ni ó ní kí ẹ fi kún un? Ṣé ó fọwọ́ kan ẹ̀ka-èdè yín tàbí àmì ohùn?
6. Ta ni ó san owó ìtẹ̀wé, àwọn wo ni ó sì rà á?

Ìbéèrè karùn-ún wúlò púpọ̀ fún ẹ̀kọ́ èdè. Ìdáhùn rẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi mọ̀ pé àkọtọ́ kì í ṣe ìyà tí olùkọ́ fi ń jẹ ni, pé òun ni ìlànà tí òǹkọ̀wé Ìjẹ̀bú àti òǹkàwé Ọ̀yọ́ fi ń gbọ́ ara wọn yé.

Ohun kẹta ni gbígba ohùn sílẹ̀. Fóònù alágbèéká ti tó láti ṣe é, bí a bá ti tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀. Kí a pín ohùn náà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ìṣẹ́jú márùn-ún fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè tí a fi sọ ọ́, pẹ̀lú àmì ohùn tàbí àmì yòówù tí àkọtọ́ èdè náà béèrè fún. Iṣẹ́ yìí kọ́ni ní àpèkọ, ní ìyàtọ̀ láàárín èdè ẹnu àti èdè ìwé, àti ní ṣíṣe àtúnkọ, láìjẹ́ pé olùkọ́ pè é ní orúkọ wọ̀nyí.

Ohun kẹrin ni pé kí a kọ́ wọn láti yẹ ọ̀rọ̀ wò. Ìrántí a máa ṣìnà, ìwé pẹ̀lú a sì máa yàtọ̀ síra. Àwọn kan kọ 1933 fún Omenuko, àwọn mìíràn kọ 1935. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé ọdún tí ìwé gba ẹ̀bùn yàtọ̀ sí ọdún tí ó dé orí àtẹ kò ní yára pe ẹnikẹ́ni ní onírọ́. Yóò lọ wo ojú-ewé àkọlé. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ òǹkọ̀wé lórí ìtumọ̀ ìwé rẹ̀ kì í ṣe òpin ọ̀rọ̀. Bí òǹkọ̀wé bá ní ẹ̀dá-ìtàn òun jẹ́ ènìyàn rere, tí ìṣesí rẹ̀ nínú ìwé sì sọ nǹkan mìíràn, akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀tọ́ láti tẹ̀ lé ìwé, bí ó bá ti lè tọ́ka sí ojú-ewé.

Bí òǹkọ̀wé bá ti kú ńkọ́, tàbí tí ó wà lọ́nà jíjìn? Ọ̀rọ̀ ìṣáájú inú ìwé, lẹ́tà, àkójọ ìrántí àti ètò rédíò àtijọ́ yóò dípò rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan lè ṣe òǹkọ̀wé, òmíràn lè ṣe oníròyìn, bí gbogbo ìdáhùn bá ti dúró lórí ohun tí a lè fi hàn. Ní ti àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tí wọ́n ń kọ́ èdè tí ìwé ìtàn àròsọ kò tíì pọ̀ nínú rẹ̀, apàlọ́, akéwì, òǹkọ̀wé eré rédíò àti àgbà tí ó mọ ìtàn ìlú ni kí wọ́n bá sọ̀rọ̀. Ìbéèrè kan náà ni. Níbo ni ẹ ti gbọ́ ọ? Ta ni ó jẹ́ kí ẹ sọ ọ́ ní gbangba?

Olùkọ́ gẹ́gẹ́ bí aṣílẹ̀kùn

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi jẹ́ kánjúkánjú ni pé ilẹ̀kùn ilé-ẹ̀kọ́, tí ó gbòòrò jù lọ nígbà kan, ti ń dín kù. Nígbà tí kòríkúlọ́ọ̀mù sẹ́kọ́ńdìrì àgbà bẹ̀rẹ̀ ní 2011, èdè abínibí kò sí lára àwọn iṣẹ́ tí ó pọn dandan. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ó kéde pé òun ti wọ́gi lé e, pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa lò. Ọ̀rọ̀ èdè ìkọ́ni ni ìpinnu yìí dá lé, ṣùgbọ́n ipa rẹ̀ yóò dé ọ̀dọ̀ òǹkọ̀wé. Ọmọ tí kò bá fi èdè rẹ̀ kàwé dáadáa ní ọmọ ọdún mẹ́jọ kò ní ra ìtàn àròsọ ní èdè náà ní ọmọ ogún ọdún. Bí òǹkàwé bá ṣe ń dín kù, bẹ́ẹ̀ ni atẹ̀wéjáde yóò máa fà sẹ́yìn.

Síbẹ̀, a kò ní láti dúró de Àbújá. Ìtàn tí a ti yẹ̀ wò fi hàn pé ìkéde ìdíje kan ṣoṣo ní Zaria ni ó bí ìwé márùn-ún, pé olóòtú kan ní Èkó fi àyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ irú ìwé tuntun. Lásìkò tiwa yìí, àwọn ọ̀dọ́ tí ó dá ẹgbẹ́ Àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀ ti ń ṣe ìdíje fún ìwé àfọwọ́kọ ní èdè Yorùbá. Olùkọ́ tí ó ya ojú ògiri kan sọ́tọ̀ fún ìtàn alátẹ̀léra àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ṣe ohun tí Thomas ṣe. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá kéde ìdíje ìtàn ojú-ewé mẹ́wàá lọ́dọọdún, tí ó sì ṣe ẹ̀dà èyí tí ó gbégbá orókè fún ilé ìkàwé rẹ̀, ti ṣe ohun tí ó jọ ti East, láìsí àṣẹ amúnisìn. Ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ èdè ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ: wọ́n lè pa owó pọ̀ tẹ ìwé kan jáde lọ́dún, kí wọ́n sì fi í ṣe ìwé kíkà ní kíláàsì wọn.

Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé ìtàkùrọ̀sọ pẹ̀lú òǹkọ̀wé ju ọ̀rọ̀ ìyìn lọ. Bí a bá béèrè orísun ìtàn nìkan, akẹ́kọ̀ọ́ yóò rò pé ẹ̀bùn ọ̀run ni ìwé kíkọ, kò sì ní rí ara rẹ̀ níbẹ̀. Bí a bá béèrè ilẹ̀kùn pẹ̀lú, yóò rí i pé ènìyàn bíi tirẹ̀ ni wọ́n, ọ̀pọ̀ nínú wọn olùkọ́ bíi tiwa, tí wọ́n gbọ́ ìkéde, tí wọ́n kó ohun tí wọ́n mọ̀ jọ, tí wọ́n sì dúró fún ọdún púpọ̀ kí ó tó jáde. Imam, Balewa, Fágúnwà àti Òkédìjí, inú kíláàsì ni gbogbo wọn ti wá. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tí yóò tẹ̀ lé wọn ti jókòó síwájú wa lónìí, kí ìtàn rẹ̀ sì ti wà nínú ìwé àjákọ rẹ̀. Kí a bi í léèrè ohun tí ó ń kọ, kí a sì wá ẹni tí yóò kà á.